Ohun Tí A Yá àti Ohun Tí A Wín

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Yorùbá ní fún gbígba ohun olóhun lò. Bí àgbẹ̀ kan bá fẹ́ lo ọkọ́ aládùúgbò rẹ̀, yóò ní kí ó yá òun ní ọkọ́. Ọkọ́ yẹn gan-an ni yóò dá padà ní ìrọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ mú òmíràn wá dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá tán lójijì nígbà tí ọbẹ̀ ti wà lórí iná, ìyàwó ilé yóò ní kí aládùúgbò wín òun ní iyọ̀. Iyọ̀ tí ó gbà yóò yòrò sínú ọbẹ̀. Iyọ̀ mìíràn tí ó tó iye ti àkọ́kọ́ ni yóò dá padà. Ohun tí a yá a máa padà fúnra rẹ̀. Ohun tí a wín, irú rẹ̀ ni a fi ń dípò. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo “yá” fún owó lóde òní, a sì ti mú “háyà” wọlé láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí a ń sanwó lò. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Àgbà olùkọ́ èdè kan, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ yìí kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun fúnra òun yóò fi í gbèjà orúkọ òun ní ìlú òyìnbó.

Ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin olùkọ́ náà bímọ ní ìlú Chatham, ní agbègbè Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú lọ wẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Bàbá tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ, ó fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó, ó sì ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan láti ṣe ní ìlú Cambridge. Ọkọ̀ kò sí nílé, nítorí pé rélùwéè ni tọkọtaya náà ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àna rẹ̀ bá ní kí àwọn yá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó lọ sí ilé-iṣẹ́ ayánilọ́kọ̀ kan ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick, ó fi káàdì ìrajà-àwìn tirẹ̀ sanwó, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ bàbá ìyàwó òun mọ́ ti òun gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì. Òfin ìlú náà gba àlejò láyè láti fi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ilé rẹ̀ wa ọkọ̀ kéékèèké fún oṣù méjìlá, nítorí náà ìwé àṣẹ Nàìjíríà tí ó wà lápò olùkọ́ náà tó.

Ojora kọ́kọ́ mú un. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ní ọjọ́ Kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tí Nàìjíríà fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì sílẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, kò sì wa ọkọ̀ lápá òsì rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọra ń wà á, àna rẹ̀ jókòó tì í ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí Cambridge, ó sì wà á bọ̀ láyọ̀. Ní ọjọ́ tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, òun àti àna rẹ̀ dá ọkọ̀ padà ní agogo márùn-ún ìdájí, nítorí pé àna náà ní láti wà níbi iṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ. Kò tíì sí òṣìṣẹ́ kankan lórí ìdúró. Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún un, wọ́n sì wọ rélùwéè padà sílé.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà yọ £356 lórí káàdì àna rẹ̀. Àna náà rí i, ó sì dákẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ìwà ọmọlúwàbí yóò mọ ohun tí ó mú un dákẹ́. Kò sí ọkùnrin Yorùbá tí a kọ́ nílé tí yóò dìde lọ bá bàbá ìyàwó rẹ̀ kí ó ní, “Bàbá, ẹ ti ba ọkọ̀ olọ́kọ̀ jẹ́, wọ́n sì ti gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi.” Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìyàwó rẹ̀ ni ó rí ìwé báǹkì, tí ó béèrè, tí ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ ní ilé ìdáná ní ọjọ́ Àìkú kan.

Olùkọ́ náà kò lè jẹun mọ́. £356 kì í ṣe owó kékeré lójú ẹni tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì ní náírà, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni ó dùn ún. Ohun tí ó dùn ún ni pé ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé rímù táyà iwájú ti ha, àti pé àsìkò tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn ni ó ha. Bí òun bá ha á, òun ì bá sọ. Bí àna òun bá sì gbà pé òun ha á tí òun fi pamọ́, ojú wo ni òun yóò fi máa wò ó láti ọjọ́ náà lọ?

Ó pe àna rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí ó kó gbogbo ìwé ọkọ̀ náà wá.

“Bàbá, kò tó nǹkan,” ni àna rẹ̀ fèsì. “Ẹ má jẹ́ kí ó yọ yín lẹ́nu. A ti san án, ó ti parí.”

“Ọkọ mi,” ni olùkọ́ náà wí, “ta ni ó ba rímù náà jẹ́?”

Àna rẹ̀ wolẹ̀. “N kò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jiyàn, wọ́n á ní bí àwa aláwọ̀ dúdú ṣe máa ń ṣe nìyẹn, a ó ba nǹkan jẹ́, a ó tún máa pariwo.”

“Bí a bá dákẹ́, ohun kan náà ni wọn yóò sọ,” ni bàbá dá a lóhùn. “Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìdákẹ́ wa ni wọn yóò fi ṣe ẹ̀rí.”

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Olùkọ́ náà kò fẹ́ dá ẹjọ́ lójú ìbínú. Kò kọ lẹ́tà kankan ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tí ó fẹ́ ṣàtúpalẹ̀ gbólóhùn, ó sì rí i pé owó kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní £356 jẹ́ owó mẹ́ta. Èkíní ni £285, fún títún rímù táyà iwájú ọwọ́ òsì ṣe. Èkejì ni £31, fún epo bẹntiróòlù tí kò kún àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti kún un. Ẹ̀kẹta ni £40, tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́ ìwé. Ó pinnu pé òun yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, tí ìdajì bá wá jẹ́ òtítọ́, ti ba ìdajì tí ó kù jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí epo. Ìwé àdéhùn sọ pé ọkọ̀ kún fún epo nígbà tí wọ́n gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ kún nígbà tí wọ́n bá dá a padà. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì wá sí i lọ́kàn. Ọkọ̀ ni wọ́n yá, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ ni wọ́n wín. Kò sí ẹni tí ó lè dá epo tí ó ti jó padà. Irú rẹ̀ ni a ó fi dípò, iye rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé. Ó rántí pé Chatham ni àwọn ti ra epo ní alẹ́ tí ó ṣáájú. Láti Chatham dé Gatwick jìnnà tó bí ogójì máìlì, bí ọkọ̀ sì ti ń sáré lọ ni epo ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi dé ibẹ̀, ohun tí wọ́n wín kò pé mọ́. Ilé-epo wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú náà. Wọn ì bá ti rà á níbẹ̀ kí wọ́n sì gba rìsíìtì. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ jáde: ilé-iṣẹ́ jàre.

Owó iṣẹ́ ìwé ni ó kàn. Láti Kent lọ sí Cambridge, ọ̀nà olùkọ́ náà gba Dartford, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí àríwá ti ń gba ihò abẹ́ odò Thames, tí àwọn tí ń bọ̀ ní gúúsù sì ń gba orí afárá ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1991. Toogéètì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí awakọ̀ ti ń dúró sanwó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n kó wọn kúrò. Láti ìgbà náà, kámẹ́rà ni ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà sanwó kí agogo méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù. £2.50 ni owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọdún 2018. Ẹni tí kò bá san án yóò gba ìwé ìtanràn £70, tí yóò di £35 bí ó bá tètè san án láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí di agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kò sí owó. Olùkọ́ náà gba ibẹ̀ lọ ní òwúrọ̀. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá kí ó tó gba ibẹ̀ bọ̀. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó jẹ gbèsè, kò sì mọ̀ pé òun jẹ ẹ́, nítorí pé lójú rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti dá ọkọ̀ dúró, kò sí owó láti san. Ìwé ìtanràn lọ bá ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ fi orúkọ àna rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ, ó sì gba £40 fún iṣẹ́ náà. Àna rẹ̀ ti dákẹ́ san £35 ìtanràn náà pẹ̀lú.

Ó dun olùkọ́ náà pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè gbówó lórí ju ìtanràn tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún ìwé àdéhùn kà, ó rí i pé wọ́n kọ £40 náà síbẹ̀ gbangba, ní ojú ìwé kejì, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ níbi tí ìwé ti kéré bí ojú èèrà. Ohun tí a kò kà kì í ṣe ohun tí wọn kò kọ. Ìdájọ́ kejì jáde: owó náà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn fọwọ́ sí i.

Ó wá ku rímù. Gbólóhùn tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ dí i lọ́nà. Bí a bá fi Yorùbá gbé e, ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni pé ìbàjẹ́ wáyé ní àkókò ìyálò. Kò sí olùṣe nínú gbólóhùn náà. Gẹ̀ẹ́sì a máa rí ọ̀nà púpọ̀ láti fi ẹni tí ó ṣe nǹkan pamọ́: a ba nǹkan jẹ́ láìsí abanijẹ́, a yọ owó láìsí ayọwó. Nígbà tí olùkọ́ náà fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, èdè tirẹ̀ kò jẹ́ kí ó sá. “Wọ́n ba rímù jẹ́,” ni ó wí. Lóòótọ́, “wọ́n” inú irú gbólóhùn yìí kò tọ́ka sí ẹnìkan pàtó, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó jẹ́wọ́ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Kíá ni ìyàwó rẹ̀ béèrè ìbéèrè tí ó tọ́: “Àwọn wo?”

Ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ní àárín oṣù Kẹsàn-án. Ó sọ níbẹ̀ pé òun gbà pé epo kò kún, òun sì gbà pé àwọn jẹ owó iṣẹ́ ìwé. Ṣùgbọ́n òun kò gbà pé rímù ha lọ́wọ́ òun. Ó béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn bí rímù náà ti rí ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n fi àwòrán rímù tí ó ha ránṣẹ́, èyí tí wọ́n yà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ padà dé. Wọ́n tún sọ pé nítorí pé wọ́n dá ọkọ̀ padà nígbà tí òṣìṣẹ́ kò sí níbẹ̀, ọrùn ayálò ni gbogbo ẹrù wà títí wọ́n fi yẹ ọkọ̀ wò, àti pé ìpinnu àwọn kò ní yí padà. Nípa ọjọ́ tí ọkọ̀ jáde, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ìwé tí wọ́n fún àna rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ wà nílé. Àwòrán ọkọ̀ kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi àmì kankan sí. Ní ìsàlẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó gbé ọkọ̀ fún wọn fi bírò kọ àwọn lẹ́tà mélòó kan wọ́kuwọ̀ku: NSF W SC. Olùkọ́ náà ti rí i tó ìgbà mẹ́wàá. Ó ti rò pé àmì ilé-iṣẹ́ ni, tàbí nọ́ńbà ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Òun tí ó ti fi ọdún púpọ̀ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sí àmì tí kò nítumọ̀ lójú ẹni tí ó kọ ọ́, kò béèrè ìtumọ̀ èyí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Gillingham nítòsí ibẹ̀, wá kí wọn nítorí ọmọ tuntun. Olùkọ́ náà na ìwé sí i.

“Ẹ bá mi wo èyí.”

Ọkùnrin náà kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ. “Bàbá, ohun tí a máa ń kọ lójoojúmọ́ nìyí. NS ni nearside. F, iwájú. W ni wíìlì. SC, ó ti ha. Ẹni tí ó kọ èyí ń sọ pé wíìlì iwájú lápá nearside ti ha kí ọkọ̀ tó jáde.”

“Apá wo ni nearside?”

“Apá òsì ni, sà. Ẹ̀gbẹ́ títì.”

Olùkọ́ náà dìde dúró, ó tún jókòó. Ayé ẹṣin ni orúkọ náà ti wá. Apá òsì ẹṣin ni ẹni tí ó fẹ́ gùn ún máa ń dúró sí, apá òsì sì ni ó sún mọ́ ọn. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rọ́pò ẹṣin, orúkọ náà kò kú, nítorí pé apá òsì ni ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì ní ìlú tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lápá òsì. Ní Nàìjíríà, láti ọdún 1972, apá ọ̀tún ni ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ sọ fún un ní oṣù Kẹjọ pé ẹ̀gbẹ́ títì ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó lọ máa wo táyà ọwọ́ ọ̀tún. Rímù kan ṣoṣo ni; orúkọ méjì ni ó ní. Ẹni tí ó gbé ọkọ̀ fún wọn pè é ní nearside. Ẹni tí ó kọ ìwé owó, tí ó jókòó sí ọ́fíìsì níbòmíràn, pè é ní ọwọ́ òsì, kò sì mọ̀ pé ohun kan náà ni òun àti ẹnìkejì òun ń sọ. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni nínú wọn fẹ́ jalè. Ṣùgbọ́n àìgbọ́ra-ẹni-yé wọn ti sọ àgbàlagbà kan di ọ̀bàyéjẹ́ lójú àna rẹ̀.

Lẹ́tà kejì kò gùn. Ó fi àwòrán ìwé náà sínú rẹ̀, ó sì túmọ̀ àwọn lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́ka sí òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 2015. Abala 62 sọ pé àdéhùn tí kò bá tọ́ kò de oníbàárà. Abala 69 ni ó dùn mọ́ olùkọ́ èdè náà jù lọ: bí ọ̀rọ̀ kan nínú àdéhùn tàbí ìkìlọ̀ bá lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ, ìtumọ̀ tí ó bá ṣe oníbàárà láǹfààní jù lọ ni yóò lékè. Gbogbo ẹni tí ó bá ti kọ́ni nípa gbólóhùn onítumọ̀ púpọ̀ mọ̀ bí ó ti ṣòro tó láti pinnu èyí tí ó tọ̀nà. Òfin náà kò béèrè èyí tí ó tọ̀nà; ó béèrè ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì gbé àṣìṣe rù ú. Olùkọ́ náà kò sọ pé ìwé tí wọ́n fi bírò kọ yìí ṣókùnkùn. Ohun tí ó kọ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá tilẹ̀ fẹ́ sọ pé ó ṣókùnkùn, òkùnkùn náà kò lè di owó sápò wọn.

Ó tún rán wọn létí pé ní oṣù Keje ọdún 2015, márùn-ún nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń yáni lọ́kọ̀ ní Yúróòpù ṣèlérí fún àwọn aláṣẹ pé àwọn yóò tún ọ̀nà tí àwọn ń gbà yẹ ọkọ̀ wò ṣe, àwọn yóò sì fún oníbàárà láyè láti fèsì kí wọ́n tó yọ owó ìbàjẹ́. Ó parí rẹ̀ pé bí wọn kò bá dá £285 padà, òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ayánilọ́kọ̀, British Vehicle Rental and Leasing Association, tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ní ètò ìlàjà fún oníbàárà tí ó bá ti kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ tí kò rí ojútùú. Àna rẹ̀ mọ ọ̀nà mìíràn: òfin àwìn ti ọdún 1974, ní abala 75, mú kí báǹkì tí ó fún ni ní káàdì ìrajà-àwìn jọ dáhùn pẹ̀lú olùtajà bí iye owó ọjà bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ. Olùkọ́ náà ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tí ó bá ní òtítọ́ kan tí ó ṣe kedere kò nílò kí ó yọ gbogbo idà inú àkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, £285 padà sórí káàdì. Lẹ́tà tí ó bá a wá sọ pé ilé-iṣẹ́ dá owó náà padà gẹ́gẹ́ bí inú rere. Inú gbogbo ará ilé dùn, àyàfi bàbá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní, “Dádì, owó ti dé. Kí ni ẹ tún fẹ́?” Ó dáhùn pé ẹlẹ́bi ni a ń fi inú rere hàn sí. Ẹni tí a kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ ni a ń fún un. Ó kọ lẹ́tà kẹta, gbólóhùn mẹ́rin péré, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èsì tí ó gbà kò ju ìlà kan lọ: a bu owó náà lé wọn lórí nípa àṣìṣe. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀síbẹ̀, kò sí olùṣe nínú gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì gbé e lé àna rẹ̀ lọ́wọ́. Àna náà kà á tán, ó dọ̀bálẹ̀. Kò sí èyí tí ó tún dárúkọ rímù láàrin wọn mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti kéré tó, àwọn olùkọ́ èdè lè rí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá, Haúsá tàbí Íbò tí ó bá lọ yá ọkọ̀, yá ilé tàbí gba owó báǹkì, yálà ní ìlú òyìnbó tàbí nílé, ìwé tí ó ń fọwọ́ sí kì í sábà jẹ́ ti èdè abínibí rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà sọ pé ìwé tí ó tọ́ sí oníbàárà gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí ó ṣe kedere tí ó sì ṣeé lóye. Kedere lójú ta ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti amòfin nìkan. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a yá àti ohun tí a wín ti ní ohun èlò tí a fi ń wọn àdéhùn lọ́wọ́. Ohun tí ó kù ni kí a máa kọ́ àwọn ọmọ pé ìwé tí kò yé wọn kì í ṣe ohun ìtìjú láti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, lójú ẹni tí ó kọ ọ́.

Ó ku £71, owó epo àti owó iṣẹ́ ìwé, pẹ̀lú £35 ìtanràn tí àna rẹ̀ ti san. Olùkọ́ náà ka £106 sínú àpòòwé, ó sì gbé e fún un ní ọjọ́ tí ó kù díẹ̀ kí ó padà sí Nàìjíríà. Àna rẹ̀ kò gbà á. Ó ní ta ni yóò gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀. Bàbá kò bá a jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́, ó súre fún un, ó sì fi àpòòwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Owó tí bàbá àgbà bá fún ọmọ ọwọ́, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà. Báyìí ni ó ṣe san ohun tí ó wín.